Ìbẹ̀rù Kì í Ṣe Àbójútó: Igbó àti Oko Lójú Lámèyítọ́ Lítíréṣọ̀ Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ó ti di àṣà láàrin àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá pé, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan igbó, ìwé Fágúnwà ni a ó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kò sì burú bẹ́ẹ̀. D. O. Fágúnwà ni ó sọ igbó di ibùdó ìtàn nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, láti orí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí ó jáde ní 1938, títí dé orí Igbó Olódùmarè (1949) àti Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje (1954). Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìparun igbó ti gba ẹnu gbogbo ayé kan, àlàyé kan ti ń wọ inú àpilẹ̀kọ àti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àlàyé náà ni pé àwọn baba ńlá wa ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú igbó kí òyìnbó tó dé. Pé ìgbàgbọ́ nínú iwin àti ẹbọra ni ó dáàbò bo igi. Àti pé ìwé Fágúnwà ni ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ fún èyí.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àlàyé náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù igbó wà nínú lítíréṣọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í ṣe àbójútó. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù igbó yóò jìnnà sí i. Ẹni tí ó ń bójú tó igbó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kí ó mú nínú ohun tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì dá nǹkan padà síbẹ̀. Ìmọ̀ àbójútó wà nínú èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, àmọ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń wá a ni ó pọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán. Bí a bá kọ́ ọmọ wa pé iwin ni ó ń ṣọ́ igbó, ohun tí ó kù fún ọmọ tí kò gba iwin gbọ́ mọ́ kò ju pé kí ó káàánú ohun tí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi hàn án pé iṣẹ́ ọwọ́ àti òfin ìlò ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó di ohun tí a lè tún ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a ó máa bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé yẹ̀ wò: Ta ló ni igbó tàbí ilẹ̀ yìí? Ta ló ń lò ó? Ta ló ń dá ohun tí a mú nínú rẹ̀ padà?

2. Igbó nínú ìwé Fágúnwà

Nínú àròkọ rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ lórí àṣà àti òǹkọ̀wé Yorùbá, Abíọ́lá Írèlé ṣàlàyé pé igbó inú ìwé Fágúnwà dúró fún àgbáyé fúnra rẹ̀, níbi tí ọmọ ènìyàn ti ń kojú àwọn agbára tí kò hàn sí i gbangba. A kò bá a jiyàn lórí èyí. Ìrìn Àkàrà-ògùn nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, àti èyí tí òun àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Kàkó, Ìmọ̀dòye àti Olóhùn-iyọ̀ rìn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ìrìn ìdánwò ni wọ́n. Ohun tí a fẹ́ béèrè ni pé, bí igbó bá ń dúró fún nǹkan mìíràn nígbà gbogbo, ìgbà wo ni yóò dúró fún ara rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́ta wa wo ìtàn náà. Ta ló ni igbó? Àwọn iwin àti ẹbọra ni. Ta ló ń lò ó? Ọdẹ ni, ẹni tí ó gbé ìbọn àti oògùn wọlé, tí ó jà, tí ó ṣẹ́gun, tí ó sì padà sílé. Ta ló ń dá nǹkan padà? A kò rí ẹ̀dá-ìtàn kankan tí èyí jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Igbó inú ìtàn yìí kì í dín, kì í ṣá, kì í tán. Bí ọdẹ ti kúrò níbẹ̀ lánàá ni yóò bá a lọ́la.

Àpẹẹrẹ kan nínú Igbó Olódùmarè ṣe pàtàkì jù lójú wa. Oníbodè wà ní ẹnu ọ̀nà igbó náà, Ańjọ̀nú-ìbẹ̀rù sì ni orúkọ rẹ̀. Olówó-ayé, baba Àkàrà-ògùn, kò lè wọlé láìkọ́kọ́ kojú rẹ̀. Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ fi ìwé yìí ṣe ẹ̀rí pé ìgbàgbọ́ ń dáàbò bo igbó kò gbọdọ̀ fo ibí yìí dá. Ìbẹ̀rù ni oníbodè igbó, àmọ́ iṣẹ́ akọni ni láti kọjá lára ìbẹ̀rù. Ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá dé tí kò bẹ̀rù, ibodè ti ṣí nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ti dé sí ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́: onígẹdú ni, ayùn ni ó gbé dání, kò sì bá ìwin kankan sọ̀rọ̀ kí ó tó gé igi.

Àkókò tí a kọ àwọn ìwé yìí náà yẹ ní wíwò. Ní 1903 ni a bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó, ìlú tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ̀rọ̀ igbó. Ní ojú ayé rẹ̀ ni kòkó gbilẹ̀ ní agbègbè Oǹdó, tí wọ́n sì ń ṣán igbó ńlá láti gbìn ín. Ìjọba àmúnisìn ti sọ apá kan igbó ní Olókèméjì di igbó ìjọba láti 1899. Ní 1925 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kò sí ìjọba tí í pààlà sí ohun tí kò lè tán. Nígbà náà, ní 1938 tí àwọn òǹkàwé ń gbádùn ìtàn igbó tí apá ènìyàn kò ká, apá ènìyàn ti ń ká igbó gidi tí ó wà lẹ́yìn ilé wọn.

A kò fi èyí bu Fágúnwà. Ìtàn ni ó kọ, kì í ṣe ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọwọ́ àwa tí a sọ igbó inú ìtàn rẹ̀ di gbogbo ohun tí Yorùbá mọ̀ nípa igbó ni ẹ̀bi wà.

3. Òwe ìrókò

Bí ìtàn àròsọ kò bá fún wa ní ẹ̀rí tí a ń wá, ṣé òwe lè fún wa? Òwe tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: ìgbà tí ìrókò bá wà ní kékeré ni à ń gé e, bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ọ̀rọ̀ ìtọ́ni ni a máa ń fi òwe yìí sọ nínú kíláàsì: ìwà burúkú ni kí a tètè kápá. Àlàyé náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí òwe tó di ọ̀rọ̀ nípa ìwà, ọ̀rọ̀ nípa igi ni, ẹnu àgbẹ̀ ni ó sì ti jáde.

Kí ni ó sọ nípa igi? Ó sọ pé àgbà ìrókò ní ọlá, wọ́n ń wárí fún un, kò sẹ́ni tí ó jẹ́ fi àáké kàn án láìṣètùtù. Ó sì sọ pé ọ̀gbìn ìrókò kò ní ọlá kankan; èpò ni lójú ẹni tí ó ń ro oko. Ibí ni àlàyé pé ìbẹ̀rù ń dáàbò bo igbó ti kọsẹ̀. Igbó tí a dá àgbà inú rẹ̀ sí, tí a sì ń gé ọmọ inú rẹ̀, ọjọ́ tí àgbà náà bá wó ni ó tán. Ìbẹ̀rù lè dá igi kan sí, ṣùgbọ́n kò lè wo irú-ọmọ igi náà dàgbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìmọ̀ àwọn onímọ̀ igbó òde òní tún ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Kòkòrò kékeré kan wà tí ó máa ń ba ọ̀gbìn ìrókò jà, tí ó ń mú kí orí ewé àti ẹ̀ka tuntun rẹ̀ wú bí eéwo, tí wọ́n á sì rà. Nítorí kòkòrò yìí ni ó fi ṣòro púpọ̀ láti gbin oko ìrókò. Ìrókò kékeré ni ó nílò àbójútó jù, òun gan-an ni òwe ní kí a gé.

A kò sọ pé kí a jọ̀wọ́ òwe náà. Ohun tí a ń sọ ni pé òwe yìí jẹ́ ẹ̀rí àkókò kan, nígbà tí igbó pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí ìrókò mìíràn á ti máa hù níbòmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣú já a. Òótọ́ ni òwe náà ní àkókò yẹn. Lónìí, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti sọ àkókò tí ó bá a mu àti èyí tí kò bá a mu.

4. Ohun tí èdè àgbẹ̀ mọ̀

Ibi tí ìmọ̀ àbójútó ti fara hàn jù ni ibi tí a kì í ka sí lítíréṣọ̀: àwọn ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ ń lò fún ilẹ̀. Àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin oko etílé àti oko ẹgàn. Ó mọ àkùrọ̀, ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí a ń ro nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mọ ọ̀dàn, ilẹ̀ koríko. Ó mọ ilẹ̀ tí ó ti ṣá, tí kò lè gbé iṣu mọ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni ìgbòrò, ilẹ̀ tí a ti ro rí, tí a sì fi sílẹ̀ kí ó sinmi.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá pe ibì kan ní ìgbòrò ti sọ ìtàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: pé ẹnìkan ti dá oko níbẹ̀, pé ó dáwọ́ dúró, àti pé òun tàbí ọmọ rẹ̀ yóò padà. Lójú àjèjì tí ó ń wo ilẹ̀ láti òkèèrè, igbó àti oko jẹ́ ohun méjì tí ó ń bá ara wọn jà. Lójú àgbẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ní ìgbà méjì. Bí a bá gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ fún bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ewé yóò máa jábọ́, yóò máa jẹrà, gbòǹgbò igi yóò máa fa oúnjẹ ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, òjìji igi yóò sì pa àwọn èpò oko. Àgbẹ̀ kì í wo kàlẹ́ńdà kí ó tó padà. Ohun tí ó hù sórí ilẹ̀ ni ó ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í gé gbogbo igi nígbà tí ó bá ń ṣán oko. Ó máa ń dá ọ̀pẹ, obì àti àgbálùmọ̀ sí. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, igi igbá tí a fi ń ṣe irú àti igi èmi tí a fi ń ṣe òrí. Kì í ṣe ẹ̀rù wọn ni ó ń bà á. Ó mọ ohun tí wọ́n wúlò fún.

Bí a bá bi ìgbòrò ní ìbéèrè mẹ́ta wa, ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdílé ló ni ín. Àgbẹ̀ ló ń lò ó. Ìsinmi ló ń dá agbára rẹ̀ padà, àgbẹ̀ náà ló sì ń pinnu ìsinmi ọ̀hún. Àbójútó nìyí ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbé e ró: kí ilẹ̀ pọ̀. Bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, tí ìlú ń jẹ oko etílé run, ọdún ìsinmi ń dín kù, ilẹ̀ sì ń ṣá. Nínú kíláàsì tí òǹkọ̀wé yìí ti ń kọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ka orúkọ àwọn iwin Fágúnwà lórí, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ ohun tí ìgbòrò jẹ́. A kọ́kọ́ rò pé èdè ni ó ń kú. Nígbà tí a rò ó dáadáa, a rí i pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ni ó kọ́kọ́ ń kú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èdè àgbẹ̀ ti dákẹ́. Ewéko àjèjì kan wà tí ó ti gba ìgbòrò àti ẹ̀bá ọ̀nà kan ní ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ewéko gbà pé inú irúgbìn Gmelina tí a kó wá láti Sri Lanka ní 1937 fún iṣẹ́ igbó ni ó bá wọlé. Àwọn àgbẹ̀ kò ní orúkọ fún un; nígbà tí ó yá, àwọn kan pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn mìíràn pè é ní Akíntọ́lá-ta-kú. A lè fi orúkọ wọ̀nyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n sọ fún wa pé ewé náà kì í ṣe ti àtijọ́, wọ́n sọ sáà tí ó di ìlúmọ̀ọ́ká, wọ́n sì sọ ìwà rẹ̀: ó fà á tì pé òun kò lọ.

Lítíréṣọ̀ alohùn tí ó súnmọ́ ìmọ̀ yìí jù ni ìjálá. Iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1966 ti fi hàn wá bí oríkì ẹranko, ẹyẹ àti ewéko ti pọ̀ tó nínú rẹ̀. Oníjàálá mọ ohun tí ẹranko ń jẹ, bí ó ti ń rìn àti ibi tí ó ń sùn. Òótọ́ ni pé kí a lè pa ẹran ni a ṣe kọ́ ìmọ̀ yìí. A kò gbọdọ̀ sọ oníjàálá di ohun tí kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó fara balẹ̀ wo ẹ̀dá bí ẹ̀dá ti rí ni, irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ àbójútó.

5. Ta ló ni ilẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìgbòrò ti fà wá dé orí ọ̀rọ̀ oní-nǹkan. Ní 1912, ọba Ìjẹ̀bú kan, Elesi ti Odògbolú, sọ níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ọ̀ràn ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé ìdílé ńlá kan ló ni ilẹ̀, pé púpọ̀ nínú ìdílé náà ti kú, díẹ̀ wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Àwọn onímọ̀ òfin kárí ayé ti tún ọ̀rọ̀ yìí sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyàlẹ́nu ni pé àwa tí ọ̀rọ̀ náà ti inú èdè wa jáde kì í sábà kà á mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ìtúpalẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ẹwà ọ̀rọ̀ náà bo òdìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdílé tí ó ni ilẹ̀ tún máa ń fi í fún àlejò ro, àlejò a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àlejò lè gbin oúnjẹ, àmọ́ wọn kò gbà fún un láti gbin igi tí yóò pẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá gbin igi lè sọ lọ́la pé ilẹ̀ di tòun. Èyí bọ́gbọ́n mu fún onílẹ̀. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ro ilẹ̀ lójoojúmọ́ ni a kọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ dá igi padà síbẹ̀.

Ìjọba náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ètò kan tí ó ti ilẹ̀ Bọ́mà wá, tí wọ́n ń pè ní taungya, ìjọba máa ń fi apá kan igbó rẹ̀ fún àgbẹ̀ láti gbin oúnjẹ, kí ó sì máa tọ́jú ọ̀gbìn tíìkì tàbí Gmelina láàrin ebè rẹ̀. Bí igi bá ti dàgbà tí òjìji rẹ̀ bo ilẹ̀, àgbẹ̀ yóò kó jáde. Igi tí ó tọ́jú kì í ṣe tirẹ̀. Lábẹ́ ìṣákọ́lẹ̀, àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbin igi. Lábẹ́ taungya, ó gbin ín tán kò ní ín. Òfin ìlò ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, èyí tí ó mú kí ọwọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ túbọ̀ jìnnà sí ẹnu tí ó ń pàṣẹ. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, ìbéèrè kìíní àti ìkejì ní ìdáhùn. Ìkẹta ni kò ní.

6. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Ẹnìkan yóò sọ pé, Igbó Ọ̀ṣun ń kọ́? Ṣé kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni ó dá a sí? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni igbó yìí, àjọ UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún gbogbo ayé ní 2005. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún 1950 sí 1960, ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀, igbó náà sì ń bàjẹ́. Àwọn kan ń gé igi, wọ́n ń dọdẹ, àwọn mìíràn ń wá ilẹ̀ láti tà. Èèwọ̀ àtijọ́ kò lágbára mọ́, ojúbọ sì ń wó. Ìgbà tí Susanne Wenger, àwọn aláwòrò àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo para pọ̀ ni nǹkan yí padà. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère, wọ́n lé àwọn tí ó ń ba igbó jẹ́, ìjọba sì kéde ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè ní 1965.

Ìgbàgbọ́ ni ó fún wọn ní ìdí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. A kò kó o dànù. Àmọ́ iṣẹ́ ni ó dá igbó sí: ẹni tí ó mọ ère, ẹni tí ó ṣọ́nà, òfin tí a kọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Igbó Ọ̀ṣun àti Igbó Olódùmarè nìyí. Nígbà tí Ìbẹ̀rù kúrò lẹ́nu ibodè ní Òṣogbo, àwọn ènìyàn bọ́ síbẹ̀, wọ́n sì dúró.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí àwa lámèyítọ́ ṣe. Èkíní, kí a dẹ́kun fífi igbó inú ìtàn àròsọ ṣe ẹ̀rí bí àwọn baba wa ti lo igbó gidi. Èkejì, kí a lọ bá àwọn àgbẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, kí a kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọn nípa ilẹ̀, igi àti ìsinmi ilẹ̀ sílẹ̀, kí a sì túpalẹ̀ wọn pẹ̀lú irú àfiyèsí tí a ń fún ewì. Ẹ̀kẹta, kí a máa bi gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá kan igbó, ìbáà jẹ́ ìtàn, òwe tàbí òfin ìjọba, ní ìbéèrè tí a kì í sábà bi í: ta ló ń dá ohun tí a mú padà?

Àwọn tí ó ń ṣe ètò igbó àti oko fún ìjọba kì í ka àpilẹ̀kọ wa, a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni a ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ onígẹdú. Bí ọmọ náà bá jáde ní ilé ìwé pẹ̀lú èrò pé Yorùbá kàn ń bẹ̀rù igbó ni, ọjọ́ tí kò bá bẹ̀rù mọ́ ni yóò mú ayùn. Bí ó bá mọ̀ pé ìgbòrò ni ilẹ̀ tí ó dúró sí, yóò mọ̀ pé ẹnìkan ti ń retí òun níbẹ̀, àti pé ẹnìkan yóò tún tẹ̀lé òun dé. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.